Kẹ́ẹ̀gì Omi, Ìgò Epo

Ọjọ́ Ajé, 6 Oṣù Kẹwàá

Kẹ́mísírì lù mí lónìí bí ẹni lu olè ọjà. Màákì mẹ́rin nínú ogójì. Ìyáàfin Ọlátúndé ò fún wa níwèé wa jẹ́jẹ́. Ó dúró níwájú, ó ń pe orúkọ pẹ̀lú màákì bí ẹni ń ka ìkéde òkú lórí rédíò. Nígbà tó kàn mí, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wo ìwé náà. "Mujeebah. Mẹ́rin." Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Mo dìde, mo juwọ́ sí wọn bí olóyè.

Ó ní ẹni tó bá fẹ́ ju kọ́ọ̀sì náà sílẹ̀, Jímọ̀ 14 oṣù tó ń bọ̀ ni òpin, kó wá bá òun ní ọ́fíìsì. Ẹni tó bá sì jù ú sílẹ̀ ti kúrò ní Sáyẹ́ǹsì nìyẹn. Ọ̀dọ̀ àwọn akọ̀wé ọ́fíìsì ló máa kọjá sí, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ èèyàn bí wọ́n ṣe ń dáhùn fóònù. Èmi mọ bí wọ́n ṣe ń dáhùn fóònù.

Òjò láti iléèwé wa ní Yábà dé ilé ní Mushin. Oníkẹ̀kẹ́ gba ìlọ́po méjì owó, ó ní ọkọ̀ ojú omi lòun ń wà.

Nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù, bàbá mi ń so wáyà mọ́ bátìrì. Gbogbo Pápá Àjàó ló ń pè é ní Àlàájì Bátìrì, bẹ́ẹ̀ Mẹ́kà tó mọ̀ kò kọjá èyí tó wà lára kàlẹ́ńdà. Ó ń sọ fún oníbàárà kan pé, "Ọmọ mi rèé. Ásíìdì tí mo ti ń bù láti kékeré, òun ló ń kọ́ ìdí rẹ̀ níléèwé." Oníbàárà ní, "Máṣáláà." Bàbá bi mí pé báwo ni ìdánwò. Mo ní a dúpẹ́. Kì í ṣe irọ́. Ẹni tí ìjàm̀bá kò pa náà máa ń dúpẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 9

Lábù. Táàpù ibẹ̀ kò tíì sunkún ìkán kan láti ìgbà tí wọ́n ti rì í mọ́ ògiri. Nítorí náà, Màmá Kẹ́ẹ̀gì ní òfin. (Èmi ni mo sọ Ìyáàfin Ọlátúndé lórúkọ yẹn. Ó ti tàn dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń gbá ilẹ̀.) Bí o kò bá gbé kẹ́ẹ̀gì omi wá, o ò ní wọ lábù. Lítà mẹ́wàá, kó kún dé ọrùn. Láti Mushin ni mo ti ń gbé tèmi. Apá mi ọ̀tún ti gùn dé orúnkún.

Lónìí mo gbé ìdajì lọ, mo ní ta ló máa mọ̀. Ó gbé e sókè, ó mì í.

"Ìdajì kẹ́ẹ̀gì. Èwo nínú ojú rẹ méjèèjì ni ká fi èyí fọ̀, èwo ni ká fi sílẹ̀ kó bẹ́?"

Mo ní, "Ti ọ̀tún, mà. Òun ni mo fi ń wo bọ́ọ̀dù."

Ló bá pè mí síwájú, ó ní kí n sọ òfin lábù sókè. Mo bá gbé ohùn àwọn tó ń fi gbohùngbohùn ta oògùn eku wọ̀: "Bí ásíìdì bá kàn ọ́ lára, omi. Bó bá kàn ọ́ lójú, omi. Bó o bá rò pé ó ti tó, omi." Ẹ̀bùn, ọmọ Ìwáyà tí wọ́n pín mọ́ mi, tó máa ń ka ìwé bí ẹni ń jẹ gúgúrú, rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e.

Màmá Kẹ́ẹ̀gì ní, "Ó dára. Títí sáà yìí á fi parí, ìwọ lo máa máa sọ ọ́ ká tó bẹ̀rẹ̀."

Jímọ̀, 10

Apá ń dùn mí. Ìwé ò wọlé. Iná ò wá.

Ìṣẹ́gun, 14

Àwọn ọmọ ìta tún jà ládùúgbò wa. Àwọn ọmọ Òdìkejì Kànáàlì ló kọ́kọ́ wọlé, àbí àwọn tiwa ló kọ́kọ́ jáde, ó kù sọ́wọ́ ẹni tó ń sọ ọ́. Ìjà ta ni yóò máa gbowó lọ́wọ́ oníkẹ̀kẹ́ ni. Ìgò rọ̀ ju òjò lọ. Mo rí ọkùnrin kan tó fi ìdérí gọ́tà ṣe asà. Mo rí àdá kan tí wọ́n lè fi gé ọ̀pá iná. Ẹgbẹ̀rún èèyàn ni wọ́n, bí mo bá sì purọ́, kí ẹ yọ ọgọ́rùn-ún mẹ́sàn-án kúrò.

Ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀ọ̀dá Teslim, wọlé, ó fi ṣẹ́ẹ̀tì di orí, ẹ̀jẹ̀ ń kán sórí ìrẹsì tí ìyá mi ń ṣà. Bàbá gbá a létí ní ẹ̀gbẹ́ tí kò bẹ́, kí méjèèjì lè dọ́gba.

Lẹ́yìn náà ló wá bá mi níbi tí mo ti ń fọ abọ́. "Dókítà, nǹkan tó ń jó èèyàn ní lábù yín yẹn, bù díẹ̀ wá fún mi."

Mo ní, "Ẹ lọ bá Màmá Kẹ́ẹ̀gì. Á ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ pọnmi wá."

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹnu nìkan ló fi rín in.

Àbámẹ́ta, 18

Ásíìdì ta sí Bàbá lọ́wọ́ nídìí bátìrì ọkọ̀ akẹ́rù kan. Kò pariwo. Ó nawọ́ sábẹ́ bẹ́ǹṣì, ó yọ ìgò epo pupa, ó dà á sójú ibẹ̀, ó sì gbé e mu ẹnu kan. Kò sí ṣọ́ọ̀bù bátìrì ní Mushin tí kò ní irú ìgò bẹ́ẹ̀ lábẹ́ bẹ́ǹṣì.

Mo ní, "Bàbá, wọ́n ní omi ni ká máa lò."

"Ta ló wí bẹ́ẹ̀?"

"Olùkọ́ wa."

"Bátìrì mélòó ló ti ṣe rí?" Ó bu ásíìdì díẹ̀ sínú ike, ó kán omi sí i. Ó hó ṣàà, ó ta sókè, mo fò sẹ́yìn. "Ṣé èyí lo fẹ́ kí n ṣe sí ara mi? Omi loúnjẹ ásíìdì. Epo ló ń pa á."

Mo mú ìgbálẹ̀, mo ń gbá ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù. Èmi, Mujeebah, tí mo ti bú awakọ̀ mẹ́ta pa. Kí wọ́n kọ ọjọ́ òní sára ògiri.

Ọjọ́bọ̀, 23

Kẹ́ẹ̀gì kún. Mo sọ òfin tán ni mo bá fi tèmi kún un. "Mà, bàbá mi ní omi loúnjẹ ásíìdì. Ó fi hàn mí, ó hó."

Kíláàsì rẹ́rìn-ín. Màmá Kẹ́ẹ̀gì ò rẹ́rìn-ín.

"Bàbá rẹ ò purọ́, ó hó. Níbo lò ń gbé?"

"Mushin, mà."

"Bí ẹnì kan ṣoṣo bá wọ àárín ọmọ ìta ogójì tínú ń bí ńkọ́?"

"Ariwo máa sọ, mà. Wọ́n á lù ú bà jẹ́."

"Bí ọmọ ìta kan ṣoṣo bá ṣubú sáàárín ọjà tó kún, tí gbogbo ọjà dìde sí i?"

"Wọn ò ní rí bàtà rẹ̀ pàápàá."

"Ìkán omi nínú ásíìdì, ìjà ni. Kẹ́ẹ̀gì omi lórí ìkán ásíìdì, ó ti parí fún ásíìdì yẹn. Ìdí tí mi ò fi ń gba ìdajì nìyẹn. Jókòó."

Nígbà tá a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wọ́n ní ká máa kán omi oògùn kan sínú ásíìdì ní ìkán kọ̀ọ̀kan títí á fi pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ká sì dúró. Tèmi kì í dúró. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ó wò ó, ó bi mí pé màlúù wo ni mo dúńbú. Lónìí mo di èémí mú títí ojú mi fi ń ṣú. Ó pọ́n bí àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ tuntun. Màmá Kẹ́ẹ̀gì kọjá, ó wò ó, kò sọ nǹkankan. Obìnrin yẹn, kó má sọ nǹkankan. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pe ilé pé kí wọ́n pa àgbò.

Ọjọ́bọ̀, 30

Ìdánwò kejì. Mẹ́sàn-án nínú ogójì.

Ẹ̀bùn ní, "Ó lé ní ìlọ́po méjì ti àkọ́kọ́. Bó o bá ń lọ báyìí, wàá gba ogójì pé lọ́dún tó o bá di ìyá àgbà." Òun gba mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, ó sì ń sunkún. Ó yẹ kí ọlọ́pàá máa mú irú wọn.

Mo ti pinnu. Màá jù ú sílẹ̀. Ìṣòro kan ṣoṣo ló kù. Ó sanra, ó ní irùngbọ̀n, ó ń ṣe bátìrì ní Pápá Àjàó.

Àbámẹ́ta, 1 Oṣù Kọkànlá

Wọ́n gé ìka Quadri. Ọ̀rẹ́ Bọ̀ọ̀dá Teslim ni, òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gun kẹ̀kẹ́. Ó gbọ́wọ́ sókè láti fi bo orí, àdá sì bá a níbẹ̀. Ìka méjì. Mo fẹ́ kọ mẹ́wàá, ṣùgbọ́n méjì náà ti pọ̀. Ọ̀kan ṣì wà lójú títì nígbà tí wọ́n gbé Quadri lọ. Obìnrin kan fi abọ́ ike bò ó kí ajá má baà gbé e.

Bọ̀ọ̀dá Teslim ò jẹun. Ó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù, ó ń wo ibi tí Bàbá ń to kẹ́ẹ̀gì ásíìdì sí. Mo ní kí lẹ̀ ń wò. Ó ní, "Ìwé ni mò ń kà, Dókítà."

Ìṣẹ́gun, 4

Gàrí tún ti gòkè. Mo sọ fún Ẹ̀bùn pé mò ń lọ. Ó ní, "Ta ló máa wá máa sọ òfin? Mi ò lè ṣe ohùn olóògùn eku yẹn."

"Wàá kọ́ ọ."

"Sọ fún bàbá ẹ o, kó má lọ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì."

"Bàbá mi á pa mí."

"Kò lè pa ẹ́. Kí ló wá máa fi ṣe fáàrí?"

Àìkú, 9

Mo fẹ́ kọ èyí bó ṣe ṣẹlẹ̀. Mi ò ní bù mọ́ ọn.

Ìrọ̀lẹ́ ni, oòrùn ṣì wà. Omi àdúgbò ń yọ, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ bóyá á yọ ní Ọjọ́bọ̀, ni mo bá ti pọn tèmi sínú kẹ́ẹ̀gì, mo gbé e síwájú ṣọ́ọ̀bù. Ariwo bẹ̀rẹ̀ níhà kànáàlì. Àwọn èèyàn ń ti ìlẹ̀kùn. Bọ̀ọ̀dá Teslim sáré yọ ní kọ̀rọ̀. Kì í ṣe eré ẹni tí wọ́n ń lé. Ó ń gbá itan rẹ̀ bí ẹni tí ìjàlọ wọ̀ ní ṣòkòtò.

Ó ti bu ásíìdì Bàbá sínú ìgò, ó fi ọ̀rá wé e, ó kì í bọ àpò. Kó tó yọ ọ́ jáde, ẹnì kan fi pákó gbá a nítan. Ìgò fọ́ síbẹ̀.

Ó ṣubú síwájú ṣọ́ọ̀bù. Èéfín ń jáde lára ṣòkòtò rẹ̀. Ó ń pe ìyá wa.

Bàbá ti nawọ́ sábẹ́ bẹ́ǹṣì, ó ti ṣí ìgò epo. Àwọn ará àdúgbò ń wí pé, "Ẹ da epo sí i. Ẹ fún un mu." Mo ní, "Bàbá, omi." Kò gbọ́. Mo ní, "Bàbá, ẹ má da epo sí i." Ó ní, "Kúrò lọ́nà." Mo gbá ìgò náà jábọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti mú un, mo bá fi ọwọ́ méjèèjì tì í láyà. Ó ṣubú lé àwọn bátìrì.

Èmi ni mo ti bàbá mi ṣubú.

Ẹnì kan gbá mi létí. Ìyá Àmúdàtù, tí yàrá wọn kọjú sí tiwa, ń kígbe pé mo lu bàbá mi. Mo fa ṣòkòtò ẹ̀gbọ́n mi ya níṣojú gbogbo èèyàn, mo yí kẹ́ẹ̀gì dà lé itan rẹ̀. Ó ké bí ẹran. Wọ́n ní mò ń pa á. Omi kẹ́ẹ̀gì tán. Mo gbé àpò píọ̀ wọ́tà níwájú ṣọ́ọ̀bù kejì, mo ń fi eyín ya á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo ń dà á. Ọkùnrin kan dì mí mú láti ẹ̀yìn, mo gé e jẹ. Mo rò pé ó ti tó. Mo tún dà á. Najeem tó ń fọ mọ́tò lódìkejì títì fa rọ́bà omi rẹ̀ wá, kò bi mí ní nǹkankan, ó fi í lé mi lọ́wọ́. Mo di rọ́bà yẹn mú títí ọkọ̀ fi dé, mo sì kó ìyókù píọ̀ wọ́tà wọnú ọkọ̀.

Àwọn Òdìkejì wọlé lẹ́yìn wa. Wọ́n fọ́ ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta. Wọ́n tẹ kẹ́ẹ̀gì mi fọ́.

Ọjọ́ Ajé, 10

Ọsibítù. Nọ́ọ̀sì bèèrè pé kí la kọ́kọ́ dà sí i. Ojú mi wà nílẹ̀. Bàbá ló dáhùn. "Omi."

Wọ́n á bó awọ lára itan kejì fi lẹ ti àkọ́kọ́. Wọ́n ní á rìn.

Bàbá ò bá mi sọ̀rọ̀.

Ọjọ́rú, 12

Àwọn àgbà àdúgbò wá. Wọ́n ní ohun yòówù tí mo bá ń kọ́ níléèwé, kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń ti bàbá ẹni. Ìyá Àmúdàtù ní ọmọ tó bá ti bàbá rẹ̀, ayé á tì í. Mo kúnlẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n kírun Àsárì títí ilẹ̀ fi ṣú. Bàbá ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bí ẹni kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga.

Àwọn ọmọ kan lọ sí ọsibítù, wọ́n ní àwọn máa gbẹ̀san fún Bọ̀ọ̀dá Teslim. Ó ní, "Ẹ kọ́kọ́ lọ bá àbúrò mi. Omi tó dà lé mi tutù ju ikú lọ. Kó pọn tiyín sílẹ̀ dè yín." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Quadri ò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ọwọ́ tí wọ́n fi báńdéèjì wé sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ní, "Ó ti sú mi."

Ọjọ́bọ̀, 13

Mo lọ sí lábù lọ́wọ́ òfo. Mo ní kí n kàn lọ kí Ẹ̀bùn pé ó dìgbóṣe.

Màmá Kẹ́ẹ̀gì fi apá dí ẹnu ìlẹ̀kùn. "Kẹ́ẹ̀gì rẹ dà?"

"Ó fọ́, mà."

"Omi inú rẹ̀ ńkọ́?"

"Mo dà á lé ẹ̀gbọ́n mi. Ásíìdì bàbá mi ni."

Ó wò mí. Ó wo etí mi tó ṣì wú. "Ìgbà wo lo dáwọ́ dúró?"

"Mi ò dáwọ́ dúró, mà. Wọ́n gbé e lọ ni."

Ó yẹra lọ́nà. "Wọlé. Sọ òfin."

Mo sọ ọ́. Ohùn olóògùn eku ò wá. Ohùn ara mi ló jáde, kò sì sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo dé "bó o bá rò pé ó ti tó", Ẹ̀bùn fi ọwọ́ bojú.

Mo ro ó bọ̀ láti Yábà dé ilé. Òfin tí wọ́n fi jẹ mí níyà wà lára mẹ́sàn-án tí mo mọ̀ nínú ogójì. Ó wá ń dẹ́rù bà mí, kí ló wà nínú mọ́kànlélọ́gbọ̀n tó kù, tí mo fẹ́ fi sílẹ̀ lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń dáhùn fóònù?

Síbẹ̀ mẹ́sàn-án ni mẹ́sàn-án. Ọ̀la ni òpin rẹ̀.

Jímọ̀, 14

Mo gba iwájú ṣọ́ọ̀bù kọjá láàárọ̀. Bàbá ti ṣí i láti ìdájí. Ibi tí ìgò epo máa ń wà lábẹ́ bẹ́ǹṣì, garawa omi ńlá méjì ló wà níbẹ̀, ó fi pákó bò wọ́n. Kẹ́ẹ̀gì tuntun kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Kò sọ ẹni tó ni ín. Èmi náà ò bèèrè. Bàbá kọ ẹ̀yìn sí mi, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì ha orí bátìrì kan tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Mo rì kẹ́ẹ̀gì náà sínú garawa títí ó fi kún, mo gbé e, mo ń yọ́ lọ bí ológbò tó gbé ẹja.

Mo ti dé ọ̀dọ̀ àwọn oníkẹ̀kẹ́ kí n tó gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn.

"Mujeebah."

Mo dúró. Gbogbo egungun ara mi dúró. Ó rìn dé ọ̀dọ̀ mi, irùngbọ̀n rẹ̀ ń gbọ̀n, ó na ọwọ́. Ìdérí kẹ́ẹ̀gì ló wà ńbẹ̀.

"Á dànù lọ́nà," ló wí. Ó sì padà sídìí bátìrì rẹ̀.

Àwọn mẹ́fà ló ti tò sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì Màmá Kẹ́ẹ̀gì, àwọn tó ń ju kọ́ọ̀sì sílẹ̀. Mo tò sẹ́yìn wọn. Nígbà tó kàn mí, ó gbójú sókè, ó rí mi, ó rí kẹ́ẹ̀gì.

"Jímọ̀ lòní. Kò sí lábù."

"Mo mọ̀, mà. Ti Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni. Mo ní kí n tètè gbé e wá."

"O ṣì lè fèèlì."

"Mo mọ̀, mà."

Ó dìde, ó gbé e sókè, ó mì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí bó ṣe máa ń ṣe. Kò dún.

"Ó kún," ló wí. "Ẹni tó kàn."